Ǹjẹ́ 4,294,967,297 ṣe é pín, báwo la sì ṣe lè fi han ọmọ ilé-ìwé?

Olùkọ́ Ìṣirò, Òkefìà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Kíláàsì SS2 ni mo ń kọ́ ní ìṣirò. Mo kọ nọ́ńbà márùn-ún sójú pátákó: 3, 5, 17, 257 àti 65,537. Ọ̀nà kan náà la gbà rí gbogbo wọn. A mú 2, a fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 4. A tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí 4, ó di 16. Lẹ́yìn náà 256, lẹ́yìn náà 65,536. A wá fi 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn, ìyẹn nọ́ńbà tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù bí kò ṣe 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, èyí tó kàn, 4,294,967,297, náà yóò jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́.

Mi ò bá ọmọ náà wí, nítorí ohun tí Pierre de Fermat, amòfin ará Faransé, kọ sínú lẹ́tà ní 1640 gan-an nìyẹn. Ó ní òun gbà pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn yóò máa rí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò tíì ní ẹ̀rí tó dájú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1729, Christian Goldbach kọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ Leonhard Euler, nígbà tó sì di 1732, Euler fi hàn pé 641 pín nọ́ńbà kẹfà yìí láìṣẹ́kù: 641 × 6,700,417 = 4,294,967,297.

Bí mo bá kàn sọ fún àwọn ọmọ pé 641 ló pín in, wọn yóò gbà á, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò ní mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ronú kan 641. Ẹ̀fun, pátákó àti ogójì ìṣẹ́jú ni mo ní. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìyá Aláàdìrẹ, Ọjà-Ọba

Olùkọ́, ẹ kú làálàá ọmọ o. Owó aṣọ ni èmi mọ̀ ọ́n kà, nọ́ńbà yín sì ga ju ohun tí mo lè fojú wò lọ, ni mo bá fi ọ̀kẹ́ wọ̀n ọ́n bí àwọn ìyá wa àgbà ṣe ń ka owó ẹyọ, tí ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Ó gba ọ̀kẹ́ 214,748, owó ẹyọ 7,297 sì tún kù sílẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé láti orí 2, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré la sọ ọ́ di púpọ̀ kó tó dé ibi gíga bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tèmi rèé: ẹni tó bá ní sùúrù, ṣé kò lè kàn máa fi àwọn nọ́ńbà kéékèèké pín in lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kan 641 ni?

Olùkọ́ Àgbà, Òkè-Baálẹ̀

Ó lè ṣe é, Ìyá. Kò sì ní ìdí láti kọjá 65,536, nítorí bí nọ́ńbà kan bá jẹ́ àbájáde nọ́ńbà méjì tí a fi sọ ara wọn di púpọ̀, àwọn méjèèjì kò lè tóbi ju 65,536 lọ lẹ́ẹ̀kan náà kí àbájáde wọn má ju tiwa lọ. Iye nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó wà nísàlẹ̀ 65,536 jẹ́ 6,542. Iṣẹ́ ńlá ni fún ẹni tó bá fẹ́ pín gbogbo wọn tán. Ṣùgbọ́n ipò kẹrìndínlọ́gọ́fà ni 641 wà nínú wọn. Ẹni tó bá ń pín mẹ́wàá lójúmọ́ yóò ti rí i kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Èyí ló fi jẹ́ pé títí di òní, mi ò lóye bí Fermat, tó fẹ́ràn irú iṣẹ́ yìí ju oúnjẹ lọ, ṣe fi í sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Kí a tó dé orí 641, Olùkọ́ Òkefìà, àwọn nǹkan kan wà tí ọmọ SS2 lè rí fúnra rẹ̀. Èkíní, 7 ló parí 17, 257, 65,537 àti 4,294,967,297, gbogbo àwọn tó bá tẹ̀ lé wọn náà yóò sì máa parí sí 7, nítorí nọ́ńbà tó bá parí sí 6, bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, 6 náà ni yóò tún parí sí. Nípa bẹ́ẹ̀, 2 àti 5 ti jáde. Bí ọmọ bá sì ro àwọn ẹyọ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, 59 ni yóò rí, 3 kò sì pín 59, nítorí náà kò lè pín òun náà.

Èkejì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ní kí wọ́n fi àwọn márùn-ún ti ìṣáájú sọ ara wọn di púpọ̀: 3 × 5 × 17 × 257 × 65,537. Wọn yóò rí 4,294,967,295, èyí tó fi 2 péré dín sí nọ́ńbà wa. Kò sì ṣèèṣì. 3 × 5 jẹ́ 15, ó fi 2 dín sí 17. 15 × 17 jẹ́ 255, ó fi 2 dín sí 257. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Wàyí o, bí 3 tàbí 5 tàbí 17 tàbí 257 tàbí 65,537 bá pín nọ́ńbà wa, á jẹ́ pé ó pín nọ́ńbà wa àti èyí tó fi 2 dín sí i, á sì jẹ́ pé ó pín 2 náà. Kò sí èyí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Nítorí náà, ohun yòówù tó bá pín 4,294,967,297 gbọ́dọ̀ jẹ́ àlejò tí kò sí nínú ìdílé náà tẹ́lẹ̀.

Atúnfóònùṣe, Old Garage

Ẹ kú ọgbọ́n, Bàbá. Nọ́ńbà tó fi ẹyọ kan dín sí tiyín, 4,294,967,296, ojoojúmọ́ la ń bá a pàdé nídìí iṣẹ́ tiwa. Iye ohun tí kọ̀ǹpútà lè kọ pẹ̀lú ojú 32, tí ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1, nìyẹn, ìyẹn 2³². Ìdí nìyí tí fóònù àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò fi lè lo ju gígábáìtì mẹ́rin lọ tọ̀nà-tọ̀nà, ìdí náà sì nìyí tí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ti àtijọ́ fi tán nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo fi nọ́ńbà yín sí ojú fóònù, wẹ́rẹ́ báyìí ló gbé 641 jáde. Kí ló wá dé tí a fi ń ṣe wàhálà?

Olùkọ́ Àgbà, Òkè-Baálẹ̀

Ọmọ mi, fóònù rẹ sọ ohun tó pín in, kò sọ ìdí tó fi jẹ́ òun. Euler kò ní fóònù, kò sì pín nọ́ńbà náà lọ́nà 116. Ó kọ́kọ́ béèrè pé: bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ kan bá lè pín 2³² + 1, báwo ni irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí? Ẹ fara balẹ̀ kà á, gbogbo ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Ká pe nọ́ńbà tí a ń wá yẹn ní p. Bí p bá pín 2³² + 1 láìṣẹ́kù, a jẹ́ pé 2³² fi ẹyọ kan péré dín sí ohun tí p lè pín. Bí a bá wá fi 2³² sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ láti rí 2⁶⁴, 1 ni yóò ṣẹ́kù nígbà tí a bá fi p pín in. Bẹ́ẹ̀, bí a bá ń fi p pín 2, 4, 8, 16, 32 lọ bẹ́ẹ̀, àwọn àṣẹ́kù kì í ṣe ségesège: wọn a máa yí po, wọn a padà sórí 1, wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mélòó ni àyípo kan? Iye náà gbọ́dọ̀ pín 64, nítorí pé ní ìṣísẹ̀ 64 a ti wà lórí 1. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ 1, 2, 4, 8, 16 tàbí 32, nítorí bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, a ò bá ti wà lórí 1 ní ìṣísẹ̀ 32, a sì mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ la wà. Ó wá ku 64 nìkan. Àyípo náà jẹ́ 64 gan-an.

Fermat fúnra rẹ̀ ló wá fi òkúta ìkẹyìn lélẹ̀. Ní 1640 yẹn kan náà, ó kọ̀wé pé bí p bá jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí kì í ṣe 2, ìṣísẹ̀ p − 1 gbọ́dọ̀ bọ́ sórí 1. Ìyẹn ni pé odidi àyípo ló gbọ́dọ̀ wà nínú p − 1, kò gbọdọ̀ sí ààbọ̀. Nítorí náà, 64 gbọ́dọ̀ pín p − 1. Ìlànà ọwọ́ Fermat ló bi àbá Fermat wó.

Ẹ wá ní kí àwọn ọmọ kọ gbogbo nọ́ńbà tó fi ẹyọ kan ju ìlọ́po 64 lọ: 65, 129, 193, 257, 321, 385, 449, 513, 577, 641. Kí wọ́n yọ àwọn tí kì í ṣe nọ́ńbà àkọ́kọ́ kúrò. Márùn-ún péré ló kù: 193, 257, 449, 577 àti 641. Àwa sì ti lé 257 jáde lẹ́ẹ̀kan. Nínú 116, ó ku mẹ́rin.

Kò sí ẹni tó sọ pé kí wọ́n pín nọ́ńbà gígùn yẹn fúnra rẹ̀ o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 65,536, kí ẹ sì máa lo àṣẹ́kù nìkan. Ẹ wò ó pẹ̀lú 641: 641 × 102 jẹ́ 65,382, nítorí náà 65,536 ṣẹ́ 154 kù. Ẹ fi 154 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó jẹ́ 23,716. Ẹ sì wo 641 × 37: ó jẹ́ 23,717. Ẹyọ kan péré ló fi dín! A jẹ́ pé 2³² fi ẹyọ kan dín, 2³² + 1 sì pé géérégé. Ìlà méjì lórí pátákó ló gbà. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí 193, 109 ni yóò ṣẹ́kù fún nọ́ńbà wa. 449 yóò ṣẹ́ 325 kù. 577 yóò ṣẹ́ 288 kù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣirò, UNIOSUN

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Olùkọ́. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo rò pé ọ̀nà kan wà tó kúrú ju èyí lọ fún ọmọ SS2. 641 jẹ́ 5 × 128 + 1, ó sì tún jẹ́ 625 + 16, ìyẹn 5⁴ + 2⁴. Láti inú èkíní, 5 × 2⁷ fi ẹyọ kan dín sí 641. Bí a bá gbé e sókè sí agbára mẹ́rin, 5⁴ × 2²⁸ yóò ṣẹ́ 1 kù. Láti inú èkejì, 5⁴ àti òdì 2⁴ kò yàtọ̀ lójú 641. Ẹ fi èyí rọ́pò 5⁴, òdì 2³² yóò ṣẹ́ 1 kù, nítorí náà 2³² + 1 kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Ó tán. A kò tilẹ̀ kọ nọ́ńbà ńlá náà sílẹ̀ rárá.

Olùkọ́ Àgbà, Òkè-Baálẹ̀

Ó dára, ó sì mọ́ lójú, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ 641 tẹ́lẹ̀ ni ọ̀nà yìí wúlò fún. Bí olùkọ́ bá kọ ọ́ sójú pátákó, àwọn ọmọ yóò pàtẹ́wọ́ bí ẹni wo onídán, wọn yóò sì padà sílé pẹ̀lú ìbéèrè tí Olùkọ́ Òkefìà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀: báwo la ṣe ronú kan 641? Ọ̀nà àyípo ló dáhùn ìyẹn. Kí wọ́n fi tìrẹ ṣe ìdùnnú lẹ́yìn iṣẹ́.

Olùkọ́ Ìṣirò, Òkefìà

Ẹ ṣeun, Bàbá, ọ̀nà àyípo ni n ó gbà. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kékeré kan kún un nítorí Ìyá Aláàdìrẹ tó béèrè nípa sùúrù. Ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Zerah Colburn, tí wọ́n bí ní Vermont ní Amẹ́ríkà ní 1804. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1812 kí àwọn èèyàn lè wo bó ṣe ń fi orí ṣe ìṣirò. Ìtàn sọ pé wọ́n bi í bóyá 4,294,967,297 ṣe é pín, ó sì dáhùn láti orí pé 641 ló pín in.

Ìyá Aláàdìrẹ, Ọjà-Ọba

Háà! Ọmọ ọdún mẹ́jọ? Orí ọmọ náà pé o.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo rí 16 àti 256 nínú ohun tí Olùkọ́ kọ́kọ́ kọ, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Ifá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ojú odù 16, pẹ̀lú ọmọ odù 240, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 256. Ṣé ọ̀rọ̀ náà kan ara wọn ni, àbí ojú mi ló ń ṣe mí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣirò, UNIOSUN

Ẹ̀gbọ́n, ojú yín kò ṣe yín. Odù kọ̀ọ̀kan tí babaláwo bá tẹ̀ sójú ọpọ́n jẹ́ ojú ìlà mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹyọ tàbí méjì. Ojú mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà méjì jẹ́ 2⁸, ìyẹn 256. Ojú mẹ́rin tó wà lápá kan jẹ́ 2⁴, ìyẹn 16. Bí ẹnì kan bá tẹ odù méjì tẹ̀ léra, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà jáde jẹ́ 256 × 256, ìyẹn 65,536. Bó bá tẹ mẹ́rin tẹ̀ léra, ojú 32 ló tẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà jáde sì jẹ́ 4,294,967,296. Iye tí Atúnfóònùṣe sọ ní òkè nìyẹn, nítorí ẹyọ àti méjì lójú ọpọ́n àti 0 àti 1 nínú kọ̀ǹpútà, ìṣirò kan náà ló gbé wọn.

Ṣùgbọ́n ẹyọ kan tí Fermat fi kún un kò sí nínú Ifá, mi ò sì ní wá ìtumọ̀ fún un níbẹ̀.

Atúnfóònùṣe, Old Garage

Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní àárọ̀ yìí. Mo kọ ètò kékeré kan tó ń lo ìlànà Fermat tí Bàbá sọ: ó mú nọ́ńbà N, ó gbé 2 sí agbára N − 1, ó fi N pín in, bí 1 bá ṣẹ́kù, á ní nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni. Mo fi 4,294,967,297 sí i. Ó ní nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni! Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa mọ̀ pé 641 pín in.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣirò, UNIOSUN

Ètò yín ò ṣàṣìṣe nínú ìṣirò o, ìdánwò náà ni kò tó. Bí N bá jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́, 1 gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù; ṣùgbọ́n bí 1 bá ṣẹ́kù, kò túmọ̀ sí pé N jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Nọ́ńbà ìdílé yìí sì mọ bí a ṣe ń tan ìdánwò tó bá lo 2. Ẹ wò ó: 2³² fi ẹyọ kan dín sí N, nítorí náà 2⁶⁴ ṣẹ́ 1 kù. N − 1 jẹ́ 2³², 64 sì pín 2³² láìṣẹ́kù. Nítorí náà 1 gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù, yálà N ṣe é pín tàbí kò ṣe é pín. Gbogbo nọ́ńbà irú yìí, bó ti wù kó tóbi tó, ni yóò yege ìdánwò yẹn.

Ẹ fi 3 rọ́pò 2. Théophile Pépin, ará Faransé, fi hàn ní 1877 pé nọ́ńbà Fermat tó ju 3 lọ jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ bí 3 tí a gbé sí agbára ìdajì N − 1 bá fi ẹyọ kan dín sí ohun tí N lè pín, kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Òun ni ìdánwò tí kò ní tàn yín jẹ.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi ọ̀nà kan hàn yín tí Euler fẹ́ràn. Nọ́ńbà wa jẹ́ 65,536² + 1². Ó tún jẹ́ 62,264² + 20,449². Ẹ rò ó wò: 3,876,805,696 àti 418,161,601. Nọ́ńbà tó bá ti ṣe é kọ báyìí ní ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti wá ni pé 641 jẹ́ 25² + 4², 6,700,417 sì jẹ́ 2,556² + 409². 25 × 2,556 jẹ́ 63,900. 4 × 409 jẹ́ 1,636. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ rí 65,536. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní, ẹ rí 62,264.

Olùkọ́ Ìṣirò, Òkefìà

Mo ti ń ṣe àdàkọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi. Ọmọ tó nawọ́ sókè yẹn yóò tún béèrè nípa èyí tó kàn, mo mọ̀ ọ́n. Kí ni kí n sọ fún un?

Olùkọ́ Àgbà, Òkè-Baálẹ̀

Èyí tó kàn ni 18,446,744,073,709,551,617. 274,177 ló pín in. Fortuné Landry kéde rẹ̀ ní 1880, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. 274,176 sì jẹ́ 256 × 1,071, nítorí náà òfin àyípo ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láti orí tiwa lọ, gbogbo àwọn tí wọ́n ti yanjú ló ṣe é pín. Kò sí ẹnikẹ́ni tó tíì rí ìkẹfà tó jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn 65,537.

Sọ fún un pẹ̀lú pé àwọn márùn-ún náà kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ní 1796, Carl Friedrich Gauss, ọmọ Jámánì tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, fi hàn pé a lè fi rúlà àti kọ́ńpáàsì nìkan ya àwòrán tó ní ẹ̀gbẹ́ 17 tó dọ́gba, nítorí irú nọ́ńbà tí 17 jẹ́. Nínú gbogbo àwòrán bẹ́ẹ̀ tí iye ẹ̀gbẹ́ wọn kò ṣe é pín sí méjì, èyí tó pọ̀ jù tí a mọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ 4,294,967,295. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí nọ́ńbà yẹn ti wá.

Atúnfóònùṣe, Old Garage

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé 65,537 ni nọ́ńbà tí wọ́n sábà máa ń lò nínú kọ́kọ́rọ́ RSA tí ń pa ìsọfúnni mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ á fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Olùkọ́ Àgbà, Òkè-Baálẹ̀

Ó dáa. Ó wá ku iṣẹ́ kan tí Olùkọ́ lè fún wọn ṣe nílé. A ti sọ pé 6,700,417 ni èkejì 641, ṣùgbọ́n ta ló sọ pé òun náà kò ṣe é pín? A kò nílò láti kọjá 2,588. Òfin tó tún le díẹ̀ ju ti Euler lọ, èyí tí Édouard Lucas mú wá lẹ́yìn náà, sọ pé 128 ló gbọ́dọ̀ pín p − 1, kì í ṣe 64 lásán. Nínú gbogbo nọ́ńbà irú bẹ́ẹ̀ títí dé 2,588, márùn-ún péré ló jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́: 257, 641, 769, 1,153 àti 1,409. Kí wọ́n pín in.

Ìyá Aláàdìrẹ, Ọjà-Ọba

Olùkọ́, ẹ má bínú pé mo ṣe iṣẹ́ àwọn ọmọ yín ṣáájú wọn, ọjà ló tutù lónìí. Mo fi ẹ̀rọ ìṣirò tí mo fi ń ka owó aṣọ ṣe é. 257 ṣẹ́ 170 kù. 641 ṣẹ́ 44 kù. 769 ṣẹ́ 120 kù. 1,153 ṣẹ́ 334 kù. 1,409 ṣẹ́ 622 kù. Kò sí èyí tó pín in nínú wọn.